Kí ẹ tó fọ́n CV káàkiri: bí a ṣe ń wádìí ọjà iṣẹ́ n'Ìbàdàn

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wáṣẹ́ n'Ìbàdàn ló mọ ohun tí òun kà jáde ní yunifásítì tàbí pólì. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi wọ́n pé ta ló ń gba irú wọn síṣẹ́ láti Mọ́níyà títí dé Tólgéètì, wọn ò ní lè dárúkọ ẹni márùn-ún. CV wọn á wá máa lọ síbi tí kò sí àyè, ibi tí àyè wà ò sì ní gbọ́ pé ẹnì kan ń wáṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni bí ẹ ṣe lè fi nǹkan bí oṣù kan wádìí ẹni tó ń gbani, ohun tó ń wá, iye tó ń san, àti bí ẹ ṣe máa fi ohun tí ẹ bá rí yan iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ìbàdàn ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó wà l'Ábẹ́òkúta, l'Óṣogbo tàbí l'Ákùúrẹ́ kàn máa pààrọ̀ orúkọ àdúgbò ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ìṣirò ìjọba, torí ó máa ń rú àwọn èèyàn lójú. Àjọ NBS, tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, sọ pé ní ìparí ọdún 2020, ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń fẹ́ ṣiṣẹ́ ni kò ríṣẹ́. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2023, iye yẹn ti já wálẹ̀ sí 4.1. Kì í ṣe pé iṣẹ́ ya wọ̀lú o. Bí wọ́n ṣe ń kà á ló yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó 20 wákàtí lọ́sẹ̀, aláìníṣẹ́ ni wọ́n ń kà á sí. Ní báyìí, ẹni tó bá ti fi wákàtí kan péré ṣiṣẹ́ owó lọ́sẹ̀ náà, ó ti níṣẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, ẹ má fi nọ́ńbà yẹn dá ara yín lójú, ẹ má sì jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Nọ́ńbà tó wúlò fún wa wà nínú ìwádìí àjọ kan náà ní àárín 2024: nínú 100 ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ní Nàìjíríà, nǹkan bí 85 ló ń ṣiṣẹ́ ara wọn. Oníṣẹ́ oṣù ò pọ̀ rárá. Ẹni tó bá ń wádìí ọjà iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan, ẹ̀gbẹ́ kékeré kan lára ọjà náà ló ń wò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ pààlà síbi tí ẹsẹ̀ yín lè dé

Ọjà iṣẹ́ yín kì í ṣe Nàìjíríà, kì í tiẹ̀ ṣe gbogbo Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ibi tí ẹ lè jí lọ láàárọ̀ kí ẹ sì padà wá sùn nílé ni. Ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ orúkọ gbogbo ibi tí ọkọ̀ kan tàbí méjì lè gbé yín dé: Bódìjà, Dùgbẹ̀, Ìwó Ròódù, Ring Road, Olúyọ̀lé, Alákìá, Mọ́níyà. Ẹ kọ owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iye tí wọ́n ń gbà ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ tọ̀sán tí ọkọ̀ ń bẹ èrò.

Ká sọ pé Mọ́níyà lẹ̀ ń gbé, tí iṣẹ́ sì wà ní Olúyọ̀lé. Bí Micra àti máàrúwá bá máa gba 1,500 náírà lójúmọ́, tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣiṣẹ́ ní Sátidé, ọjọ́ 26 lóṣù á kó 39,000 náírà lọ. Bí owó oṣù bá jẹ́ 80,000, ohun tó kù ò ju 41,000 lọ, ẹ ò sì tíì jẹun ọ̀sán. Iṣẹ́ 60,000 tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn lọ ń mówó wálé ju èyí lọ. Ìṣirò yìí nìkan máa pa ìdajì orúkọ tó wà nínú ìwé yín rẹ́, ìyẹn ò sì burú.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ irú agbanisíṣẹ́ tó wà nílùú

Àwọn agbanisíṣẹ́ Ìbàdàn ò jọra, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà múṣẹ́ fúnni ò sì jọra.

Ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti ilé ìwádìí ńlá pọ̀ níbí ju ọ̀pọ̀ ìlú Nàìjíríà lọ: Yunifásítì Ìbàdàn láti 1948, ilé ìwòsàn UCH, IITA tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ lójú ọ̀nà Mọ́níyà láti 1967, CRIN tó ń ṣèwádìí kòkó ní Ìdí-Ayunrẹ́, NIHORT tó wà fún èso àti ẹ̀fọ́, FRIN tó wà fún igbó àti igi. Ẹni tó bá ń retí kí ìjọba àpapọ̀ gbà á síṣẹ́ pátápátá ní irú ibẹ̀ lè dúró títí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn wà níbẹ̀ tí a kì í gbọ́ ariwo rẹ̀. Bí ọ̀mọ̀wé kan bá rí owó ìwádìí gbà, ó máa nílò ẹni tó máa lọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ẹni tó máa ṣiṣẹ́ nínú láàbù, ẹni tó máa tẹ dátà sínú kọ̀ǹpútà, dírẹ́bà pẹ̀lú. Iṣẹ́ ọdún kan tàbí méjì ni, orí pátákó ìkéde ẹ̀ka tàbí ẹnu akọ̀wé ibẹ̀ lẹ sì ti máa gbọ́ ọ. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè iṣẹ́ ìwádìí tó ń lọ lọ́wọ́. Ẹ má béèrè pé ṣé wọ́n ń gba èèyàn.

Àwọn fákítìrì ló tẹ̀ lé wọn: Olúyọ̀lé, ìhà Tólgéètì àti ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó, ilé ọtí Nigerian Breweries ní Alákìá, àti àwọn ilé adìyẹ àti ilé oúnjẹ adìyẹ tó yí ìlú ká, títí dé Àwẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀yọ́. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa fákítìrì ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tó wọ aṣọ ilé-iṣẹ́ náà kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà. Kọ́ńtíráátọ̀ ló gbà wọ́n, òun ló ń san owó wọn. Nítorí náà, orúkọ kọ́ńtíráátọ̀ yẹn lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Àìmọye CV tí wọ́n ń kó sílẹ̀ fún sìkiọ́rítì ẹnu géètì kì í dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ti ìjọba ìpínlẹ̀, TESCOM fún àwọn olùkọ́ àti àjọ tó ń gbani síṣẹ́ ìjọba, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá kéde náà ni wọ́n ń gbani, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fọ́ọ̀mù rẹ̀ sì máa ń wà. Ẹ kó ìwé ẹ̀rí yín jọ, ẹ tọ́jú ìwé ọmọ ìpínlẹ̀, kí ẹ sì máa bá ìwádìí yín lọ.

Ọjà ló wá kù, òun ló sì gbòòrò jù: Bódìjà fún oúnjẹ, Géètì fún ẹ̀yà ara mọ́tò, Alẹ́ṣinlọ́yẹ́, Ògùnpa, Dùgbẹ̀. Wọn kì í kọ ìkéde iṣẹ́ níbẹ̀. Alájàpá tó ń kó tírélà ẹ̀wà wọ Bódìjà nílò ẹni tó mọ ìwé owó, tó sì ṣeé fọkàn tán. Ẹnu ló fi ń wá a, ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ló sì ti ń wá a.

Bí ẹ bá ti ní orúkọ wọ̀nyí, ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn wo ló ń bá wọn gbé ẹrù? Ta ló ń ṣe páálí àti ike wọn? Ta ló ń tún ẹ̀rọ ṣe? Ẹ béèrè pẹ̀lú pé níbo ni wọ́n ti ń ra ohun tí wọ́n fi ń ṣọjà. Ní oṣù Kejìlá 2023, Procter & Gamble, tó ní fákítìrì ní Olúyọ̀lé, kéde pé òun ò ní máa ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, òun á kàn máa kó o wọlé ni. Ọ̀rọ̀ dọ́là wà lára ìdí tí wọ́n sọ. Ilé oúnjẹ adìyẹ tó ń ra àgbàdo àti sóyà nílé kì í wárìrì bí ilé-iṣẹ́ tó ń kó gbogbo èròjà wá láti òkè òkun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbàdo náà lè wọ́n gógó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ka ìkéde dáadáa, ẹ sì ṣírò wọn

Jobberman (àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ ló dá a sílẹ̀ ní 2009), MyJobMag àti LinkedIn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú gúrúùpù WhatsApp méjì tó jẹ́ t'Ìbàdàn. Ẹ yan orúkọ iṣẹ́ mẹ́ta péré. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ máa kọ gbogbo ìkéde tó bá jẹ mọ́ wọn sílẹ̀: ọjọ́ tó jáde, àdúgbò, ìwé ẹ̀rí, ọdún ìrírí, irinṣẹ́ tí wọ́n dárúkọ, owó tí wọ́n bá sọ. Ìkéde kan náà máa ń jáde níbi mẹ́rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni kí ẹ kà á. Èyí tó bá ń padà jáde lóṣooṣù láti ilé-iṣẹ́ kan náà, ẹ fi àmì sí i: yálà wọ́n ń gbòòrò sí i, tàbí àwọn èèyàn ń sá kúrò níbẹ̀. Ìgbésẹ̀ kẹrin ló máa sọ èwo ni.

Ẹ jẹ́ ká ka ọ̀kan pa pọ̀. Èmi ni mo hun ún, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní: “A nílò aṣojú ọjà n'Ìbàdàn. OND ó kéré tán. Ó gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì ìwakọ̀. Ọjọ́ orí kò gbọdọ̀ ju 28 lọ. Owó oṣù pẹ̀lú kọmíṣọ̀n tó jọjú. Onídùúró méjì.” Láísẹ́ǹsì ń sọ fún yín pé ọkọ̀ ọjà lẹ máa wà, ẹ̀yin lẹ sì máa kó o lọ s'Ísẹ́yìn àti Ògbómọ̀ṣọ́. “Kọmíṣọ̀n tó jọjú” túmọ̀ sí pé owó oṣù gan-an ò jọjú. Ọjọ́ orí 28 ń sọ pé iṣẹ́ náà ń lo ara. Onídùúró méjì ni ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń já bọ́, torí wọ́n sábà máa ń fẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti dé ipele kan, ó sì máa fi fọ́tò àti ìwé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ nínú ìkéde tí ẹ kọ sílẹ̀ bá ń béèrè onídùúró, ẹ tètè lọ bá bùrọ̀dá tàbí àǹtí tó lè dúró fún yín kí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó dé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ wo ohun tó ń tún ara rẹ̀ sọ. Ẹni tó kọ́ ìṣirò owó máa rí i pé Excel, QuickBooks tàbí Sage, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣírò owó, ló ń jáde ṣáá, tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ béèrè bóyá second class upper lẹ ṣe. Ohun tí ẹ ní láti kọ́ láàárín oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀ nìyẹn, kì í ṣe mástà.

Ẹ tún wo ìgbà. Iléèwé àdáni máa ń wá olùkọ́ jù láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, kí sáà tuntun tó wọlé. Ilé adìyẹ àti ilé ọtí a máa wá ọwọ́ kún ọwọ́ kí ọdún Kérésì tó dé. Ẹni tó gbé CV olùkọ́ lọ nínú oṣù Kọkànlá ti dé lẹ́yìn tí wọ́n palẹ̀ mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ jáde lọ béèrè

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ lọ sí Olúyọ̀lé ní nǹkan bí aago mẹ́fà sí méje àárọ̀, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ ń jáde tí àwọn ti àárọ̀ ń wọlé. Ẹ má lọ bá sìkiọ́rítì. Ọ̀dọ̀ ìyá olóńjẹ tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà lódìkejì géètì ni kí ẹ jókòó sí. Ẹ ra oúnjẹ o, ẹ má lọ jókòó lásán. Ẹ kí i pé ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ kú ìdájí. Tí ẹ bá jẹun dé ìdajì, ẹ ní: “Ó jọ pé èrò pọ̀ láàárọ̀ yìí, mà.” Ìyá yìí mọ iye abọ́ tó ń tà. Tí wọ́n bá dá iṣẹ́ alẹ́ dúró, òun ló kọ́kọ́ mọ̀, torí ìkòkò rẹ̀ ò tán. Tí kọ́ńtíráátọ̀ tuntun bá kó èèyàn wọlé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun àwìn títí owó fi jáde, nítorí náà ó mọ ọjọ́ tí owó ń jáde, ó sì mọ kọ́ńtíráátọ̀ tí kì í san án lásìkò. Kò sí ìtàkùn íntánẹ́ẹ̀tì tó máa sọ ìyẹn fún yín.

Ẹ dúró wo ẹnu géètì náà pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí àwọn ọ̀dọ́ tó tò, tí ọkùnrin kan mú ìwé dání tó ń pe orúkọ, iṣẹ́ ojúmọ́ ni wọ́n ń mú. Ẹ béèrè orúkọ kọ́ńtíráátọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọn ò pè lọ́jọ́ náà. Àyè wà fún un láti bá yín sọ̀rọ̀.

Nípa owó, ẹ má béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé èló ni wọ́n ń san fún yín. Àwa Yorùbá ò fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bí èló ló máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí?” Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta tí wọn ò jọ wà pọ̀, kí ẹ sì mú èyí tó kéré jù. Ẹni tó ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ ló máa ń sọ òótọ́ jù. Òun náà ni kí ẹ bi nípa ìkéde tó ń padà jáde lóṣooṣù yẹn.

Ní ọjà àti lọ́dọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́, ìbéèrè yàtọ̀. Tí ẹ bá ń ronú láti kọ́ rẹwáyà ní Géètì, ẹ ka iye ṣọ́ọ̀bù rẹwáyà tó wà lójú ọ̀nà kan, kí ẹ ka ọkọ̀ tó wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ bi ọ̀gá pé nínú àwọn tó ti ṣe fíríìdọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn mélòó ló ṣì ń ṣiṣẹ́ náà, àti níbo. Ọ̀gá tó bá lè dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fetí sí i.

Ẹ tún ya sí ọ́fíìsì NDE, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1986 fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́, àti ọ́fíìsì iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹ béèrè ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́, kí ẹ sì béèrè orúkọ àwọn aṣojú agbanisíṣẹ́ tó ní láísẹ́ǹsì, torí òfin ní kí wọ́n gba ọ̀kan. Bí aṣojú kan bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù kó tó mú yín lọ rí ẹnikẹ́ni, ẹ dìde.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: owó tó máa dé ọwọ́ yín

Láti oṣù Keje 2024, owó oṣù tó kéré jù lófin ni 70,000 náírà. Ní ìparí 2024, Ìjọba Ọ̀yọ́ kéde 80,000 fún òṣìṣẹ́ tirẹ̀, Ògùn 77,000, Èkó 85,000. Ṣùgbọ́n òfin yọ ibi tí òṣìṣẹ́ ò bá tó 25 sílẹ̀, ó sì yọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kọmíṣọ̀n. Ìdí nìyí tí ṣọ́ọ̀bù àti iléèwé kékeré fi ń san ohun tó wù wọ́n.

Ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè gbọ́dọ̀ máa dá owó ìfẹ̀yìntì: ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́, 8 láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹ bi òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kan bóyá owó náà ń wọ àkáǹtì rẹ̀ lóòótọ́, torí àwọn kan ń yọ ọ́ lówó oṣù, wọn ò sì fi ránṣẹ́. Òfin tún ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ọdún méjì rẹ̀ ò tíì rí ìwé kankan gbà, ẹ ti mọ ohun tí ẹ̀ ń wọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: iṣẹ́ wo ló ń bọ̀?

Iṣẹ́ tuntun kì í ṣàdédé yọ. Nǹkan kan ló ń tì í. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 29 oṣù Karùn-ún 2023, àwọn onímọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó lè yí ẹ̀rọ wọn sí gáàsì CNG. Ní oṣù Kẹrin 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná ń pẹ́ lọ́dọ̀ wọn jù, fò láti 68 náírà sí 225 lórí yúnìtì kan, ọ̀rọ̀ sólà sì gba gbogbo ẹnu. Méjèèjì dára. Ṣùgbọ́n gbàrà tí ariwo bá ti jáde, ẹni tó kọ́kọ́ ń rówó ni ẹni tó ń ta ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú sátífíkéètì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ lọ bá ẹni tó ń ta páńẹ́ẹ̀lì àti bátìrì. Ẹ bi í pé ta ló máa ń pè tí oníbàárà bá ní kí wọ́n bá òun so ó mọ́lé, ilé mélòó lọ́sẹ̀, àti ohun tí àwọn tí òun ò pè mọ́ ṣe. Ó máa sọ fún yín pé wọ́n mọ bí a ṣe ń gbé páńẹ́ẹ̀lì sórí òrùlé, ṣùgbọ́n wọn ò mọ bí a ṣe ń ṣírò ẹrù tí ilé náà ń gbé, bátìrì sì kú lọ́dún àkọ́kọ́. Àyè tó wà nìyẹn: ẹni tó mọ ìṣirò.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ yẹ ẹni tó pè yín wò

Bí ìpè bá dé, ẹ tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà síbi ìwádìí gbogboogbò CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Kó wà níbẹ̀ ò sọ pé wọ́n dára, ṣùgbọ́n kí wọ́n má sí níbẹ̀ ti tó láti béèrè ọ̀rọ̀. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọ́n kó ọgọ́ta èèyàn jọ sí gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì, tí wọn ò dárúkọ iṣẹ́, tí wọ́n ń pè é ní “ànfààní”, ọjà alátagbà ni wọ́n fẹ́ kí ẹ wá rà. Ẹ lọ wo àdírẹ́sì náà lọ́jọ́ kan ṣáájú. Tí ẹ bá jẹ́ obìnrin, tí wọ́n sì ní kí ẹ wá lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ ní kí wọ́n yí i padà sí òwúrọ̀.

Láti pinnu, ojú ewé kan ti tó. Ẹ kọ iṣẹ́ mẹ́ta tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ kọ iye ìkéde tí ẹ kà, iye agbanisíṣẹ́ tí ẹ fojú rí, owó tó máa kù lẹ́yìn owó ọkọ̀, àti ohun tí ẹ ò tíì ní tí wọ́n ń béèrè síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ní agbanisíṣẹ́ tó ju mẹ́wàá lọ níbi tí ẹsẹ̀ yín lè dé, tí ohun tí ẹ ò ní ò sì gbà ju oṣù mẹ́ta láti kọ́, òun ni kí ẹ dojú kọ. Bí kò bá sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀, ẹ tún ìgbésẹ̀ kìíní ṣe, ṣùgbọ́n kí ẹ fi àwọn ìlú fákítìrì Ìpínlẹ̀ Ògùn bí Àgbàrá, Sàngó-Ọ̀tà tàbí Ṣàgámù sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ ṣírò owó ilé gbígbà níbẹ̀ mọ́ ọn, torí kò sẹ́ni tó lè máa ti Mọ́níyà lọ Àgbàrá lójoojúmọ́.